Ọmọ Mi Ni Wọ́n Ń Pè Ní Ìyá Igi

Jókòó, Wasana, jókòó jẹ́ẹ́, ibo lo fẹ́ gbà lọ? Síkẹ́ẹ̀tì rẹ rèé lórí máṣìnnì mi, ìró tèmi ló wà nídìí rẹ, o ò sì lè ró ìró arúgbó lọ bá àwọn àlejò tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Síìpù yìí ti bàjẹ́ kọjá kí n kàn fi òwú gán an pọ̀, mo ní láti tú gbogbo ẹ̀. Jẹ́ kí n máa tú u, kí ìwọ náà máa gbọ́ mi, nítorí láti ìgbà tó o ti ń kó èrò wá síbí, ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tìẹ, o ò sì gbọ́ tèmi rí.

Ta ló sọ fún ẹ pé ọmọ ọba ni?

Rárá, dá mi lóhùn. Inú gbohùngbohùn yẹn lo ti ń sọ ọ́, èmi jókòó sábẹ́ afárá níbí, mò ń gbọ́. O ní ẹ ti rí Búdà oníwúrà, ẹ ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ máa rí ààfin, ẹ máa gun ilé gogoro tí wọ́n fi dígí ṣe ilẹ̀ ẹ̀ títí ẹsẹ̀ yín á fi máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì rí nǹkan kan o, àfi tẹ́ ẹ bá rí Ìyá Igi, ọmọ ọba ni, ìfẹ́ ló pa á, láti ayé àwọn baba ńlá wa ló ti ń gbé inú igi yìí, aṣọ ló fẹ́ràn, ẹni tó bá fún un láṣọ, á fún un ní nọ́ńbà lọ́tìrì. Ọmọ ọba! Ọmọ ọba tí ìyá ẹ̀ ń pààrọ̀ síìpù létí títì. Ìfẹ́ wo ló pa á? Bọ́ọ̀sì ló pa á, Wasana. Bọ́ọ̀sì tó jọ tìẹ yìí gẹ́lẹ́, nínú òjò, lórí alùpùpù ẹ̀, nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn.

Mot ni à ń pè é. Èèrà nìyẹn, nítorí bó ṣe kéré tó lọ́jọ́ tí mo bí i. Ọmọ tí kò tíì lọ́kọ, tí kò bímọ rí, òun ni àwọn tó dàgbà jù mí lọ ń kúnlẹ̀ fún, tí wọ́n ń pè ní ìyá.

Má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní sunkún. Ẹkún ti tán nínú mi, ó ti pẹ́. Ṣé wọ́n ti yọ eyín fún ẹ rí? Tí wọ́n bá gún ẹ lábẹ́rẹ́ tán, o mọ̀ pé wọ́n ń fà á, ò ń gbọ́ bó ṣe ń ró, ṣùgbọ́n kò dùn ẹ́. Bí gbogbo ara mi ṣe wà nìyẹn. Wò ó, abẹ́rẹ́ ti gún mi níka, mi ò mọ̀. Fọkàn balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò kan aṣọ ẹ.

Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ mi ni. Ìwọ náà, ìlú yìí ni wọ́n bí ẹ sí, o mọ bá a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá kú ikú òjijì sójú títì kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́, ibẹ̀ ló máa dúró sí títí èèyàn ẹ̀ á fi wá mú un. Baba àlùfáà Búdà á mú òwú funfun tí ẹ̀mí á máa tẹ̀ lé wá, ìyá á pe orúkọ, á ní dìde, ká lọ, a fẹ́ sọdá títì o, a ti dé orí afárá o, a ti yà sọ́wọ́ òsì o, báyìí báyìí títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. A ṣe é lọ́jọ́ tó kú. Ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ ká gbọ́ ohùn ara wa, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn wa pé ká kúrò lọ́nà, nígbà tí mo sì sùn, mo rí i lójú àlá, ó ṣì dúró sábẹ́ igi yẹn, níbi tí bọ́ọ̀sì ti gbá a, aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ tutù mọ́ ọn lára. Kí ni ìyá á ṣe? Mo mú aṣọ yẹ́lò tí mo fọwọ́ ara mi rán fún un, mo gbé e kọ́ sórí ẹ̀ka, kó lè rí nǹkan pààrọ̀ títí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ á fi pé, ká tún wá pè é.

Aṣọ kan ṣoṣo. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Samruai tó ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni, òun ló bá mi tọ́ ọmọ yẹn. Nígbà tí mò ń yí nílẹ̀, nọ́ńbà ara alùpùpù lòun ń wò. Ó fi ta lọ́tìrì, nọ́ńbà náà sì jáde. Mi ò bá a jà nítorí ìyẹn o, gbogbo wa la máa ń ṣe é, tí ọkọ̀ bá gbá ẹnì kan, ẹni tí kò bá wo nọ́ńbà ẹ̀, àlejò ni. Ohun tó dùn mí, rárá, kò dùn mí, mo ti sọ fún ẹ, ohun tí mò ń rò ni pé ó lọ ra aṣọ tuntun, aṣọ pupa, ó gbé e kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò láti fi dúpẹ́. Àwọn tó rí i bi í pé kí nìyẹn, ó ní ìyá kan ló ń gbé inú igi. Ó mọ̀ o! Ó mọ̀ dájú. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní kí lòun ì bá sọ, ṣé kóun sọ pé Mot ni, ta ló máa kúnlẹ̀ fún Mot?

Ká tó wí ká tó fọ̀, aṣọ ti bo igi. Ẹni tó ń ta òdòdó dé, ẹni tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò pupa tí wọ́n ń gbé síwájú igi dé, àwọn tó ń fi àtíkè pa igi lára kí wọ́n lè rí nọ́ńbà nínú èèpo ẹ̀ dé. Aṣọ yẹ́lò wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀ níbì kan, ojú mi ò tó o mọ́. Lọ́jọ́ tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ pé, èmi àti baba àlùfáà dé pẹ̀lú òwú wa, a ò ríbi fẹsẹ̀ lé. Mo ń pè é, mo ní Mot, dìde ká lọlé. Àwọn tó yí mi ká ń ké pé ìyá, má lọ, ìyá, dúró tì wá. Ta ni kó wá gbọ́ tiẹ̀ nínú wa? Ọmọ tí kì í lè kọ̀ fún ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́! Obìnrin kan sì fọwọ́ kàn mí léjìká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni o, kò rí mi fín. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ tò sẹ́yìn. Gbogbo wa la fẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀."

Mo sì lọ tò. Wasana, mo tò sórí ìlà kí n tó lè bá ọmọ tí mo bí sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa kàn mí, baba àlùfáà ti padà sí tẹ́ḿpìlì, ọ̀sán ti fẹ́ pọ́n, àwọn àlùfáà kì í sì í jẹun lẹ́yìn ọ̀sán.

Ìdí tí mo fi gbé máṣìnnì wá síbí nìyẹn. O rò pé oníbàárà ni mo wá wá lábẹ́ afárá tí èéfín ọkọ̀ ti ń wọ̀ mí nímú? Kó lè máa rí mi ni. Kó má rò pé mo ti lọ.

Wọ́n ti wá ń wọn ilẹ̀ báyìí. Ilé ìtajà fẹ́ mọ ọgbà yí igi ká, wọ́n á ṣe géètì, èèyàn á máa ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Wọ́n fẹ́ gbé ère ọmọ ọba síbẹ̀, kí àwọn abọrẹ̀ sì wá ṣètùtù lọ́túnla pé kí Ìyá Igi wọnú ère náà, kó máa gbé ibẹ̀ títí láé. Títí láé, ọmọ mi, ní iwájú ilé iṣẹ́ ẹ̀. O mọ̀, àbí? Ojú ẹ ti sọ fún mi. Wọ́n ti ní kí ìwọ náà kó èrò wá wò ó.

Ó dáa, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kò tó nǹkan. Láàárọ̀ ọ̀la, baba àlùfáà ti gbà láti tún wá. Samruai, ojú ti wá ń tì í, ó ní òun ò ní dáná ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun á bá mi dá àwọn tó bá fẹ́ súnmọ́ dúró. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tìẹ ló máa ń kọ́kọ́ dé, tó bá ti dé báyìí, àwọn olódòdó á sáré jáde, ibẹ̀ á kún, ó parí. Kó wọn lọ sí ààfin ná. Kó wọn gun ilé gogoro. Fi Mot ṣe ìkẹyìn, ọjọ́ kan péré. Ààfin ò ní sá lọ, dígí ò ní fọ́.

Ọ̀gá ẹ ló to ibi tẹ́ ẹ ń lọ? Mo gbọ́. Ṣé ọ̀gá ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì ni? Nínú ìlú yìí, tó o bá ní ọ̀nà dí, ta ló máa já ẹ nírọ́?

Síìpù ti tán, gbà, wọ̀ ọ́. Fa ikùn sínú díẹ̀. Ó bá ẹ mu. Rárá, fi owó ẹ sápò, owó kọ́ ni mo bèèrè lọ́wọ́ ẹ. Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè, bọ́ọ̀sì ń kọjá.

Nọ́ńbà alùpùpù yẹn?

Hà. Hà hà hà! Wasana! Látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀! Má fọwọ́ bojú, má bẹ̀ mí, mo ti sọ pé gbogbo wa la máa ń ṣe é. Ẹ̀rín yìí mà fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn mí níhà, ó pẹ́ tí nǹkan ti dùn mí.

Samruai ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Pátákó nọ́ńbà náà wà nílé, abẹ́ ibùsùn mi ló wà. Ó dáa, ká ṣòwò. Mú wọn pẹ́ dé lọ́la. Tí mo bá ti pe Mot wọlé, tí mo sì ti ilẹ̀kùn, wá bá mi níbí, màá sọ ọ́ sí ẹ létí, kó o tò ó síwájú, kó o tò ó sẹ́yìn, kó o ta á bó o bá ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jáde, má ra aṣọ wá sídìí igi o. Kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.