Èsì tí Sàúdátù kọ sórí fóònù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó rí àléébù wa tó sì ń bá wa bò ó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ fóònù lẹ́yìn yẹn, mo rí yín o, ọ̀rọ̀ àmánà, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àmánà kì í ṣe owó nìkan. Ohun tí o mọ̀ nípa ẹnì kan torí pé ó fọkàn tán ọ, àmánà ni. Bí ẹni náà bá wá ṣẹ̀ ọ́ ńkọ́? Àmánà náà ṣì ni.

Télọ̀ kan wà ní Ìwó, Sàúdátù lorúkọ rẹ̀. Aṣọ obìnrin ló ń rán, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ó ní ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sí, àwọn oníbàárà a sì máa yìn ín níbẹ̀. Ìgbà tó yá, ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n sin ín, wọ́n ṣe fídáù, àlejò tú ká, Sàúdátù padà sídìí ẹ̀rọ. Kò sunkún. Bí wọ́n bá ní kó jẹun, á jẹ. Bí wọ́n bá kí i, á dáhùn. Ṣùgbọ́n kò mọ adùn oúnjẹ, kò sì mọ ẹni tó kí i. Ṣé ẹ ti bá ara yín nírú ipò yẹn rí?

Àsìkò yẹn ni oníbàárà rẹ̀ kan, Alájà Ramlátù, gbé léèsì wá. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ síbi nikáà, ìyẹn ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, Wàsílá. Nígbà tí Sàúdátù fẹ́ wọ̀n ọ́n, Alájà ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Sàúdátù, jẹjẹrẹ ló bá mi jà. Wọ́n ti gé ọyàn mi kan. Bàbá Wàsílá nìkan ló mọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi rán an kó má hàn."

Sàúdátù ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Ó rán aṣọ náà, ó bà á jẹ́. Àyà rẹ̀ wọ́, apá rẹ̀ kan fún pinpin, ó ku ọ̀la kí nikáà wáyé kó tó gbé e fún wọn. Aṣọ àtijọ́ ni Alájà wọ̀ fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ.

Inú bí Wàsílá. Ó lọ sí ojú ìwé Sàúdátù, ó fún un ní ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún, ó kọ ọ́ pé: "Ó ba aṣọ ìyá mi jẹ́, kò tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ẹ má gbé aṣọ yín débẹ̀."

Gàníyù, ọkọ Sàúdátù, kà á. Ó ní, "Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?"

"Rárá."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà pé kí wọ́n má bínú, o máa tún un ṣe. Ó parí."

Sàúdátù ní, "Mo ti gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ó gbọ́? Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde, ó mú fóònù. Ẹ má rò pé inú ń bí i o. Kò bínú, kò banú jẹ́. Bí ẹni ń gé òwú tó yọ lára aṣọ ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́: "Aṣọ ò lè gún lára ẹni tó ní ọyàn kan. Bi ìyá rẹ léèrè." Ó fi ránṣẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ.

Áà! A-ú-sù-bi-làhi!

Ilé ọkọ ni Wàsílá ti kà á. Ó pe ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé òótọ́ ni?"

Gàníyù ló dé tó rí i. Ó ní, "Sàúdátù, kí lo kọ yìí?" Ó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ti pín in kiri. Àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò bá a jà. Obìnrin kan ló kàn bi í pé, "Tí mo bá rojọ́ lọ́la, kí lo máa kọ nípa tèmi?" Sàúdátù ká aṣọ rẹ̀, ó gbé e fún un.

Ó lọ sílé Alájà, ó kúnlẹ̀. Wàsílá jókòó ti ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

"Alájà, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́ nítorí Ọlọ́hun." Ohùn Alájà ò lọ sókè. "Èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ mi fúnra mi. Mo ní kó gbádùn ìgbéyàwó rẹ̀ ná. O ti bá mi sọ ọ́."

"Mo máa ra léèsì mìíràn, mo máa tún un rán, mà."

"Má ṣèyọnu. N ò lè bọ́ra níwájú rẹ mọ́."

Sàúdátù délé, ó kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé: "Èmi ni mo ba aṣọ náà jẹ́. Ẹjọ́ mi ni. Ẹ má bínú." Ẹ bá mi wò ó! Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí kò ṣeé kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Bí wọ́n bá bu iṣẹ́ rẹ, iṣẹ́ rẹ ni kí o dá wọn lóhùn lé lórí. Bí o bá jẹ̀bi, gbà pé o jẹ̀bi. Bí o kò jẹ̀bi, fi sùúrù ṣàlàyé. Ara oníbàárà, ilé rẹ̀, àìsàn rẹ̀, kò sí nínú ẹjọ́.

Ọlọ́hun, ìgbà tí ọkàn wa bá kú tipiri tí a ò mọ ohun tí à ń ṣe mọ́, bá wa di ọwọ́ wa mú. Ẹni tí a ti tú àṣírí rẹ̀, tù ú nínú. Ẹni tó fi ara rẹ̀ hàn wá, má jẹ́ kó kábàámọ̀ rẹ̀ láé. Àmín.