Tábìlì Tí Kò Ní Orí

Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ̀yin tí ẹ ti Ìfira àti Àrìgìdì wá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Èmi ni Eunice Adébíyìí, Ìyá Ẹ̀ríolúwa, oníbúrẹ́dì Ọ̀kà. Ẹni tó sùn síwájú wa yìí, Zachariah Ọlábímtán, Bàbá Pius, oníbúrẹ́dì Ìkàrẹ́ ni wọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọjà kan náà la jọ ń tà. Èmi ló yẹ kí n gbẹ̀yìn nínú àwọn tí yóò sunkún wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú mi.

Bàbá ni wọ́n pe àwa tí a ní iléeṣẹ́ jọ, pé ká máa pàdé lóṣooṣù, ká máa la ara wa lọ́yẹ. Wọ́n ní ọgbọ́n kò pin sọ́dọ̀ ẹnì kan. Tábìlì gígùn la bá nípàdé àkọ́kọ́. Alhaji Làmídì onísọ́míìlì ní Ìkàrẹ́ ní àwọn ni yóò jókòó níbi orí rẹ̀. Ọ̀gá Godwin onísímẹ́ńtì ní Ọ̀kà ní láéláé! Alhaji, ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà ìlú méjì. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí a tó tún pàdé, wọ́n ti kan tábìlì róbótó, pákó Alhaji gan-an ni wọ́n sì fi kàn án. Wọ́n ní, "Ó yá, ẹ wá orí rẹ̀ fún mi." A ò tíì rí i dòní.

Tábìlì ọ̀hún ń lọ Ìkàrẹ́ lóṣù kan, ó ń bọ̀ l'Ọ̀kà lóṣù kejì. Nígbà tí kò gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé, Bàbá ní ká gé férémù ilẹ̀kùn, ká má fọwọ́ kan tábìlì. Olóríkunkun èèyàn! Mo bẹ̀bẹ̀ títí. A gé e.

Òfin kan ni wọ́n fún wa. Ẹ̀yin ará tábìlì, ẹni tó bá jókòó, kí ni yóò kọ́kọ́ sọ? Ẹ ò gbọ́ bí wọ́n ṣe dáhùn? Àṣìṣe rẹ̀! Kó o tó sọ bí o ṣe là, sọ ibi tí o ti ṣubú. Ó le o. Ọlọ́jà wo ní í sọ pé ọjà òun kò dára? Bàbá ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ní nígbà kan rí, wọ́n ṣe búrẹ́dì fún ìgbéyàwó pásítọ̀, wọ́n gbàgbé iyọ̀. A rẹ́rìn-ín títí, ahọ́n gbogbo wa bá tú.

Ó wá kàn mí. Nígbà ooru kan, búrẹ́dì mi bẹ̀rẹ̀ sí í kan, àwọn oníbàárà ń dá a padà. Mo fi ẹkún sọ ọ́ ní tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ Bàbá ti ń yọ̀ pé Ọ̀kà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí Bàbá ṣe? Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gun òkè wá bá mi, wọ́n tọwọ́ bọ fúláwà tí mo pò. "Eunice, ò ń jẹ́ kó wú jù. Bí ooru bá mú, omi tútù ni kó o fi pò ó, má sì jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀."

Kò pẹ́ tí búrẹ́dì mi fi dé Ìkàrẹ́, tí wọ́n ń tà á lójúkojú ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Pius ọmọ wọn fárígá: "Dáddì, ẹni tí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wa lẹ fọwọ́ ara yín kọ́ níṣẹ́ yìí!" Bàbá ra ọ̀kan nínú búrẹ́dì mi, wọ́n jẹ ẹ́. "Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un." Wọ́n wá kọjú sí Pius: "Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra."

Pius kọ̀, kò jókòó sí tábìlì wa. Ó dun Bàbá ju àìsàn tó dá wọn dùbúlẹ̀ lọ. Lórí ibùsùn, wọ́n bi mí pé, "Eunice, ta ni yóò jókòó síbi tí mo fi sílẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, búrẹ́dì tí wọ́n ń pín fún yín yìí, Pius ló ní òun yóò dá ṣe é, kó fi yẹ́ bàbá rẹ̀ sí. Ọkàn rẹ̀ ò sí nílé. Ó ń sunkún, fúláwà ń wú, títí ó fi kan. Àná ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà mi l'Ọ̀kà, níbi tí a gé yẹn gan-an. Kò tíì kí mi tán tó fi ní, "Màmá Ẹ̀rí, mo ti ṣe àṣìṣe."

Mo dì mọ́ ọn. Mo pe Alhaji, mo pe Ọ̀gá Godwin, a sún àga Bàbá fún un. Lẹ́yìn náà la jọ pò òmíràn, fúláwà Ìkàrẹ́, ààrò Ọ̀kà. Alhaji náà tọwọ́ bọ̀ ọ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ẹ̀rún pákó nínú tiyín, ẹ foríjì wá. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀.

Bàbá Pius, mo fi yín yangàn níwájú Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ẹ máa rìn ire. Bí ẹ bá débi tí àwọn àgbà tó ṣáájú jókòó sí, ẹ má wá orí tábìlì o. Ẹ kọ́kọ́ ròyìn búrẹ́dì aláìníyọ̀ yẹn fún wọn. Ìbéèrè tí ẹ bi mí, èsì rẹ̀ rèé, ẹ gbà á dání lọ: Pius ti jókòó.