Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Kò Sí ní Sàréè

Mò ń nu àwọn jígí tí mò ń tà ní ọjà Okaishie ní Accra nígbà tí ọkọ mi pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n sọ ni kò jẹ́ kí n lè pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Àtọ̀gbẹ ló mú kí àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mùsùlùmí ni wá. Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n gba ẹsẹ̀ náà ní ọsibítù, kí n fi aṣọ funfun wé e, kí a sin ín. Mo lọ lóòótọ́. Òṣìṣẹ́ kan gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ó sì tutù. Mo dá a padà. Mo ní kí wọ́n bá mi dáná sun ún.

Mo délé, mo ní èmi àti Ààfáà kan tó ti padà sí Ìlọrin la sin ín.

Kò pẹ́ ni ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìka rẹ̀ ká kò.

"Ìyá Mórúfù, ẹ ò nà án dáadáa kí ẹ tó bò ó."

Mo ní mo ti lọ tún un tẹ́. Irọ́ kejì nìyẹn. Bí wọ́n bá wá ní ó ń jó àwọn bí iná, mo á máa rò pé iná tí wọ́n fi sun ún ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní kí wọ́n sun ún, bí kò ṣe èmi?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ wọn ní ìrìn sọ pé ọpọlọ wọn ló ṣì ń wá ẹsẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n gbé jígí sáàárín itan méjèèjì, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí wọ́n máa wo àwòrán rẹ̀ bí ẹni pé òsì ni. Mo mú jígí gígùn kan lọ sílé. Òun ni wọ́n ń lò tí wọ́n fi pè mí láàárọ̀ yìí:

"Ìyá Mórúfù! Ó ti nà o! Ọmọ ìka márààrún! Mò ń dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè!"

Mo fò sókè, mo pariwo. Akua tó ń ta abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó máa ń pe àwa Yorùbá ní Alata, ní: "Ìyá Alata, ṣé o jẹ lọ́tò ni?"

Kì í ṣe iná yẹn ló ń jó wọn! Kì í ṣe èmi!

Ṣùgbọ́n irọ́ mi ṣì wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ lónìí tí inú wọn dùn báyìí? Ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí ohun tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ nìyí:

"Má bínú pé mò ń dá ìwọ àti Ààfáà lẹ́bi. Tètè ti ìsọ̀, kí o wá mú mi lọ síbi tí ẹ sin ín sí. Mo ti bú ẹsẹ̀ yẹn jù. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́."