Dò Tí Kò Dúró Sójú Kan

Ògo! Mo ní ògo fún Ọba òkè! Ẹ̀yin ará, ẹ má dá mi lóhùn bí ẹni tí kò tíì jẹun àárọ̀. Ògo! Ẹ ṣé. Wọ́n ní kí n ṣe é ní ṣókí, màá gbìyànjú, àmọ́ ohun tí Olúwa ṣe fún mi kò ṣókí rárá.

Èmi ni Àjọkẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá lèmi náà ń sọ nílé, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi ní orin. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà kógbá sílé, iṣẹ́ yọ ní Èkó, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí CMS. Mo pariwo rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò. Mo ní mò ń lọ kọ́ àwọn ọmọ Èkó lórin. Ha! Ẹnu mi ló kó bá mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ní Apọ́ngbọ̀n, wọ́n fi èjìká gbá mi títí tó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń bẹ ẹni tó gbá mi. Nínú kíláàsì, ariwo jẹnẹrétọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ìyẹn ò tó nǹkan. Wàhálà tó fẹ́ lé mi nílùú, ẹnu àwọn ọmọ ló ti wá.

Mo mú orin kan, mo tẹ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí dùùrù, mo ní, "Fá. Ẹ kọ fá."

Wọ́n ní, "Dò!"

Mo ní fá ni. Wọ́n ní dò ni, Àǹtí. Lọ́jọ́ kejì a mú orin mìíràn, mo tẹ sól, wọ́n tún ní dò! Mo ní àbí àwọn ọmọ yìí ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Mo bínú, mo fi ipá mú wọn. Àwọn kan tẹ̀ lé mi, àwọn kan kọ̀, orin wá dà bí ọjà tó ń jó.

Ọ̀gá wa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbàlagbà ni, ọmọ Sàró, ìran wọn ti ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ó ní, "Àǹtí Àjọkẹ́, àwọn ọmọ yìí mọ orin kọ kẹ́ ẹ tó dé." Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi! Ó ní, "Ìsìn ìdúpẹ́ wa ń bọ̀. Tí wọ́n bá kọrin báyìí níwájú àwọn òbí, a máa wá tíṣà mìíràn."

Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Ojú wo ni màá fi padà sí Àjàṣẹ́? Orí ń fọ́ mi, àyà ń já mi. Mo lọ rí dókítà. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, mà. Kí lẹ ń rò?"

Mo ní, "Dò ni, dókítà."

Ó ní, "Dò wo?"

Mo ní, "Ohun tí èmi náà ń wá nìyẹn!"

Màmá mi pè lórí fóònù. Ó ní, "Àjọkẹ́, máa bọ̀. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mò ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n àdúrà ẹni tó ti ń di ẹrù ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe! Ilé Àlàájì kan ni mo gba yàrá sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun àti ìyàwó rẹ̀, Àlàájà. Láàárọ̀ Sátidé, omi yọ nínú ẹ̀rọ. Àlàájì pè mí láti ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá: "Àjọkẹ́!" Mo jókòó ti ẹrù mi, mi ò dáhùn. Àlàájà gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti òkè, ohùn tiẹ̀ tín-ín-rín: "Àjọkẹ́! Wá pọnmi o!"

Mo dìde fùú. À-jọ-kẹ́. Dò, re, mí! Dò ti Àlàájì wà nísàlẹ̀ pátápátá, dò ti Àlàájà wà lókè réré, síbẹ̀ orúkọ mi ni àwọn méjèèjì pè, kò sì sẹ́ni tó ṣì í pè. Dò tí wọ́n kọ́ mi nílé, ojú kan ló wà lórí dùùrù, bí òpó. Dò àwọn ọmọ Èkó ń bá orin ṣí kiri ni: ibi tí orin bá fi ṣe ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dò. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá!

Mo figbe ta: "Ẹ tún mi pè! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi pè!"

Àlàájà ní, "Àlàájì, ẹ máa bọ̀ o, nǹkan ti ṣe ọmọ yìí." Wọ́n sì tún mi pè. Ọlọ́run bá mi kẹ́ wọn.

Ní Mọ́ńdè, mo pa dùùrù dé. Mo ní kí àwọn ọmọ pe orúkọ mi, bó ṣe wà, láìfi Àǹtí kún un. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, a ò lè pè yín lórúkọ, wọ́n á nà wá nílé." Mo ní mo yọ̀ǹda. Ni wọ́n bá pè é! Mo ní, "Ibi tẹ́ ẹ ti mú À yẹn, dò yín nìyẹn. Èmi ni màá máa tẹ̀ lé e." Orin tò, ẹ̀yin ará, orin tò! Ọ̀gá sáré wọlé: "Ta ló ń pe Àǹtí lórúkọ?" Wọ́n ń kọrin lọ.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Mo fi ohùn mú dò fún wọn, wọ́n gbé e, àwọn òbí dìde. Nígbà tí a parí, ọ̀gá di ọwọ́ mi mú, omi ń bẹ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ káàbọ̀." Látìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó kí mi káàbọ̀ nìyẹn.

Olúwa, mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá! Ẹ̀yin tí ìlú yìí ti sú, tẹ́ ẹ ti di ẹrù, ẹ tú u. Ohun tí Ọlọ́run fẹ́ fi yọ yín lè ti wà lára yín láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Màmá mi ló sọ mí ní Àjọkẹ́. Kò mọ̀ pé àwọn ará Èkó ló máa bá òun jọ kẹ́ mi.

Kí n tó fi máìkì sílẹ̀, ẹ bá mi pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọdé náà, mo yọ̀ǹda. Ó yá!

Mo gbọ́ o! Mo wà níbí o! Mi ò lọ mọ́!