Okùn Tí Bọ́sẹ̀dé Fi Ń Sọ̀rọ̀

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Ẹnikẹ́ni kò wá rò ó fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i, ọwọ́ mi méjèèjì yìí náà ni mo sì fi ṣe é. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń gbé e kiri, bí ẹni ru àpò sìmẹ́ǹtì tí kò rí ibi sọ̀ ọ́.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Bí mo bá ṣì í kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni yẹpẹrẹ ni mí o. Bíríkìlà ni mí. Láti Arámọkọ dé Ìjerò, títí dé Ẹ̀fọ̀n lókè lọ́hùn-ún, ògiri tí mo bá rẹ́, omi kì í wọ̀ ọ́. Injinía ni wọ́n ń pè mí.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé ìyàwó mi ní kí n kun ilé kí a tó ṣe ìrántí ìyá òun. Mo kun gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ojú kan ní pálọ̀. N kò lè kun ibẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé ni ọmọ mi kẹta. Ó pẹ́ kó tó jókòó, ó pẹ́ kó tó rìn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Etí rẹ̀ kò sì di. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e dé ọsibítù. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ yóò máa kọ́ nǹkan, kí a ní sùúrù. Èmi kì í ṣe onísùúrù.

Ìyá ìyàwó mi ló ní sùúrù. Màmá wá láti Òkè-Ìmẹ̀sí wá bá wa gbé. Kò mọ ìwé rárá. Kó tó fún ọmọ náà lóúnjẹ, yóò kọ́kọ́ fi ṣíbí kékeré kan sí i lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é, mo ń fi í rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ lọ mú ṣíbí náà, ó gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Ebi ló ń pa á. Màmá bú sẹ́kún.

Ó ní kí n kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o. Ó ta okùn lé e, ó so ṣíbí náà mọ́ okùn ní ojóbó, kó lè rọrùn láti yọ. Ó wò mí, ó ní, “Àrokò ni àwọn àgbà fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ọmọ tiwa yìí kò tilẹ̀ jìnnà.”

Ọdún mẹ́ta kọjá, nǹkan ń pọ̀ lára okùn. Òòyà dúró fún ìyá rẹ̀ tó máa ń dirí fún un. Àkísà ìborùn dúró fún Màmá. Tó bá di àkísà náà mú, ẹnu rẹ̀ á ṣe “mmá”. Ọjọ́ kan ó mú ṣíbí, ó mú ìjánu ewúrẹ́, ó kó méjèèjì wá lẹ́ẹ̀kan. Ebi ń pa ewúrẹ́! A lọ wò ó, òótọ́ ni. Ó ṣojú mi.

Tíṣà obìnrin kan ní Ìjerò, tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, gbọ́, ó ní òun á wá wò ó. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá bá mi. Pálọ̀ mi kún.

Tíṣà béèrè Màmá, Bọ́sẹ̀dé mú àkísà. Ó béèrè ìyá rẹ̀, ó mú òòyà. Inú mi dùn, mo yọ àyà síta. Èmi fúnra mi ni mo ní, “Ẹ ní kó mú tèmi!”

Ọmọ náà wò mí. Ó fi ìka tọ okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òfìfo ni.

Ìyá Ṣèyí, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ pariwo. “Háà, Injinía! Ewúrẹ́ ní, ẹ̀yin ò ní!” Gbogbo ilé dà á sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ní, “Dádì, ẹ má bínú. Kí ni ẹ̀yin àti òun jọ máa ń ṣe? Ẹ mú nǹkan ibẹ̀ wá, a ó so ó mọ́ ọn.”

Mo ronú. Mo ṣì ń ronú di òní.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá àti ìyàwó mi lọ sóko, wọ́n fi iná tí wọ́n fi ń se ẹyìn sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí n máa bá wọn ṣọ́ ọ. Mo já okùn náà, mo jù ú síná. Bọ́sẹ̀dé nawọ́ sí i, mo fà á sẹ́yìn. Mo ní nínú ara mi pé yóò di dandan kó fi ẹnu pè mí wàyí.

Màmá ti ń pè é láti ìta, “Bọ́sẹ̀, a ti dé ulé o!” Wọ́n wọlé, wọ́n bá ìṣó lásán.

Mo ní, “Ọmọ yín ló kó o síná o. Ó ṣojú mi.”

Ìyàwó mi gbá a létí. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: ẹni tí mo purọ́ mọ́ kò ní ohun tí yóò fi sọ pé irọ́ ni. Mo ti sun ún.

Màmá fọwọ́ kan ìṣó náà. Ó ní, “Bó bá jẹ́ òun ló kó o síná, ó ti sú u nìyẹn. N kò ní fipá mú un.” Kò so òmíràn mọ́. Tíṣà kó àwòrán wá lẹ́ẹ̀mejì, Bọ́sẹ̀dé kò fọwọ́ kàn án. Ohunkóhun tí wọ́n bá fi sí i lọ́wọ́, yóò jù ú sílẹ̀, yóò sì wo ojú mi. “Mmá” yẹn náà dákẹ́.

Ní ọdún kejì tí mo sun okùn náà, Bọ́sẹ̀dé ń forí gbá ògiri, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo ní àgídí ni. Ìgbà tí ọyún tú jáde ní etí ọ̀tún rẹ̀ ni a tó mọ̀. Lára okùn yẹn, òwú wà fún ìrora. Etí náà kò gbọ́ràn mọ́.

Àràárọ̀ ló ń lọ fọwọ́ kan ìṣó. Mo fà á yọ. Ó ń fi ìka bọ ihò. Mo po sìmẹ́ǹtì, mo dí i, mo rẹ́ ẹ dán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ pàápàá kò lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí. Bọ́sẹ̀dé mọ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti ga, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Ojú ibẹ̀ ti dúdú. Ibẹ̀ ni n kò lè kùn.

Kí Màmá tó kú, ó dì mí lọ́wọ́ mú. “Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ Bọ́sẹ̀dé tó fi sun okùn mi?” Mo ní, “Màmá, ẹ sinmi.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n sọ fún ìyàwó mi kí ọjọ́ ìrántí tó pé? Tí mo bá sọ ọ́, òun lè fi ẹnu bú mi. Bọ́sẹ̀dé ńkọ́? Kí ni n ó fi bẹ̀ ẹ́ tí yóò gbọ́?

Mo ti ka àwọn ohun tí mo sun tán. Ṣíbí. Ìdérí ike omi. Òòyà. Àkísà ìborùn. Ìjánu ewúrẹ́. Èèpo kòkó, ti oko. Bọ́tìnì, ti ilé ìwé. Kànìnkànìn, ti ìwẹ̀. Fọ́nrán ẹní, ti oorun. Ìyẹ́ adìẹ. Ọ̀rá, ti òjò. Kọ́kọ́rọ́, ti òde. Òwú.

Mẹ́tàlá ni. Etí kan. Ohùn kan. Ìkẹrìnlá ì bá jẹ́ tèmi.