Èébú Orogún
Nínú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ l'Ọ́jà Igbó, obìnrin méjì tó ń ti ilé-kéwú bọ̀ jókòó tì mí, èyí àgbà ń ráhùn pé súrà kúkurú kan ò dúró sórí òun láti oṣù mẹ́ta.

Èyí àbúrò ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ṣì rántí gbogbo èébú tí orogún yín bú yín lọ́jọ́ ìkómọ àkọ́bí yín?"

"Ọ̀kan ò bọ́ nínú ẹ̀!"

"Báwo lẹ ṣe há a sórí?"

"Àràárọ̀ tí mo bá ń gbálẹ̀ ni mo máa ń tún un sọ."

"Ẹ ò rí i! Láti ọ̀la, súrà ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀."

Èyí àgbà ní: "Ta ló máa wá bá mi rántí èébú mi?"