Ọdún Eéṣú Tí Mo Kọ fún Babalọlá

Ẹ̀yin ará Manigri, mo ti bẹ olùkọ́ pé kó ka ìwé yìí sí etígbọ̀ọ́ gbogbo yín lọ́jọ́ àdúà ogójì Babalọlá, kó má sì fo ọ̀rọ̀ kan. Láti ọdún 1954 ni mo ti gbé irọ́ yìí mọ́ra, ọdún márùn-ún gbáko, ó tó gẹ́ẹ́. Òkú tí ẹ sin lóṣù tó kọjá, ọwọ́ mi wà nínú ikú rẹ̀, ó sì wà nínú ikú ìyá rẹ̀, Lamatou, tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ń pè mí ní olódodo. Ẹ fi mí ṣe àgbà mọ́ṣáláṣí, ẹ ń gbé ẹjọ́ yín wá fún mi kí n dá a. Ẹ ò ríran. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni rere ni lójú yín. Ẹ gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́.

Èmi Chitou, akọ̀wé bíró ìjọba ní Bassila, ni mo ń kọ ìwé ọjọ́ orí fún gbogbo agbègbè, láti Doguè dé Pénéssoulou. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tí wọn kò kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí ó bí i: ọdún tí wọ́n la ọ̀nà, ọdún tí ìgbóná jà, ọdún eéṣú. Èmi yóò wá fi ọdún àwọn Faransé sí i, kọ̀máńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, yóò sì fọwọ́ sí i láì kà á. Mo kàwé gíga ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ àwọn òyìnbó pé kí wọ́n rán mi lọ sí Faransé láti kàwé sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ̀. Mo ní mo ti gbé e mì. N kò gbé nǹkan kan mì.

Lọ́dún 1953, òyìnbó kan dé láti wá ṣe afárá ọ̀nà Bassila. Mùsíé Wẹ́bà là ń pè é. Kì í ṣe ará Faransé. Lúsánbúù ni orílẹ̀-èdè rẹ̀ ń jẹ́, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tó bá gbéra láàárọ̀ yóò ti là á já kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó ri òpó méjì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn bíró, ó kan òrùka irin mọ́ òkè wọn, ó so àwọ̀n mọ́ òrùka, ó ní eré báskẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Agbọ̀n tí kò nídìí! Àgbàlagbà yóò máa sáré, yóò máa làágùn, yóò ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n, bọ́ọ̀lù yóò jábọ́ nísàlẹ̀, wọn yóò sì máa hó pé ó wọlé. Mo ti ṣe eré náà rí ní Àjàṣẹ́, n kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní fi í pamọ́.

Babalọlá wá ta iṣu fún àwọn òṣìṣẹ́ afárá lọ́jọ́ ọjà kan. Ó ga ju ilẹ̀kùn bíró lọ. Ó dúró wòran, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, kí oṣù mẹ́fà tó pé kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wẹ́bà a máa fò sókè bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́bà ni olórí ẹgbẹ́ báskẹ́ẹ̀tì kan nílé wọn, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ díẹ̀ tó ń díje ní ipò kìíní ní gbogbo Lúsánbúù. Ipò kìíní nínú ìlú tó tó àtẹ́lẹwọ́! Lójú mi, àkùkọ inú àgò ló ń pe ara rẹ̀ lọ́ba. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà yóò fún Babalọlá níṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin, eré yìí yóò sì máa bọ́ ọ. Ìwé ọjọ́ orí nìkan ni wọ́n béèrè, nítorí wọn kì í gba àlejò tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àgbẹ̀ tí ń fi àtàǹpàkò fọwọ́ síwèé ni wọ́n ń pè lọ sí ìlú òyìnbó, èmi tí mo kàwé sì wà nílẹ̀. Torí pé ó mọ̀ ọ́n fò!

Ó mú ìyá rẹ̀ wá sí bíró. “Ẹ̀gbọ́n Chitou,” ó ní, “wọ́n ní òtútù ibẹ̀ a máa sọ omi di òkúta. Ṣé iṣu á ta níbẹ̀ báyìí?” Lassissi, ògbufọ̀ wa, dá a lóhùn pé, “Ìwọ gan-an ni wọ́n máa rì mọ́lẹ̀ kí iṣu fi ọ́ gùn.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Babalọlá jáde lọ síbi òpó, à ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ìyá Lamatou jókòó, ó ní, “Ọmọ mi, ọdún eéṣú ni mo bí i. Ibi tí mo ti ń lé wọn kúrò lórí ewé iṣu ni ìrọbí ti mú mi.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni eéṣú bo ìlú yìí. Ti ọdún 1917, eéṣú àwọn baba là ń pè é. Ti ọdún 1930, eéṣú lásán ni. Kò sí ọmọ Manigri tó lè ṣì í. Òyìnbó nìkan ló lè ṣì í, òyìnbó kankan kò sì sí nínú yàrá náà. Mo kọ 1917. Nígbà tí ìyá jáde, Lassissi yọjú wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì! Irùngbọ̀n rẹ̀ mà ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni.” Mo ní, “Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òótọ́ ni. Kó máa kọ ebè rẹ̀ lọ.” Lassissi ti kú. N kò dárúkọ rẹ̀ kí n lè pín ẹ̀bi fún un. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

Wẹ́bà ti wọkọ̀ padà sílé, ìwé náà sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsì dé, ìlà mẹ́ta péré: àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún àwọn, ó sì ya àwọn lẹ́nu pé wọ́n lè tan Wẹ́bà jẹ. Abẹ́ òrùka irin ni mo ti kà á fún Babalọlá. “Mẹ́tàdínlógójì kẹ̀?” ó ní. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?” Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, òpùrọ́ lásán ni ǹ bá jẹ́. N kò dákẹ́. Mo ní, “Ìyá rẹ ni. Ó ní eéṣú àwọn baba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í. Bóyá kò fẹ́ kí o lọ.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo fi kún un bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì lọ. Kò fọwọ́ kàn án mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ mọ àṣà wa: iṣu tuntun tí ọmọ bá kọ́kọ́ wà, ìyá rẹ̀ ló ni ín. Lọ́dún náà, Babalọlá ru tirẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́jà Bassila. Gbogbo yín rí i. Ẹ bú u, ẹ̀yin náà kò bi í léèrè ìdí. Ìyá Lamatou ní eéṣú lásán lòun sọ, ọmọ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Akọ̀wé ló gbà gbọ́. Ni ìyá bá fẹsẹ̀ rìn láti Manigri wá bá mi, ó gbé igbá dání, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ó tú wọn sórí tábìlì mi. “Chitou ọmọ mi, mo ti kà á. Òkúta kan fún ìkórè kan láti ìgbà tí mo ti bí i. Mẹ́rìnlélógún ni mò ń rí. Ṣé eéṣú àwọn baba ni mo wí lọ́jọ́ náà?” Ó ń wo ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo ní, “Ohun tí ẹ wí ni mo kọ, ìyá.” Ó kó òkúta rẹ̀ padà sínú igbá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Orí mi ló ti dàrú nìyẹn,” ó ní. “O ṣeun, ọmọ mi.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà bí ọmọlúwàbí.

Kí iṣu mìíràn tó ta, ó kú. Babalọlá kò gbélé mọ́. Ó lọ ń la pákó nínú igbó Pénéssoulou, ibẹ̀ ni igi ti wó lù ú. Mo sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ sì ní ọ̀rẹ́ tòótọ́ ni mí. Ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn, ìyẹn ló tún burú jù. Lọ́jọ́ kẹjọ, Awaou ìyàwó rẹ̀ wá gba ìwé ikú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní bí a bá tẹ̀ lé ìwé àtijọ́ yìí, ẹni ọdún méjìlélógójì ni. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi kó tó kú. Kò sí ewú kan níbẹ̀.” Mo gbé kálámù sílẹ̀. N kò tíì padà sí bíró láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kàwé, tí ẹ ń fojú àgbẹ̀ wo àwọn tó bí yín, ẹ wò mí dáadáa. Ìwé kò sọ mí di èèyàn, ó kàn jẹ́ kí ìlara mi ní òǹtẹ̀ ìjọba lára ni. Àwọn tó lè dárí jì mí ti wà nínú ilẹ̀, nítorí náà n kò ní fi ẹ̀bẹ̀ yọ yín lẹ́nu. Ohun kan ni mo fẹ́. Àyè ọjọ́ orí nínú ìwé ikú Babalọlá ṣì ṣófo. Kí ẹni tó dàgbà jù nínú yín lọ bá akọ̀wé tuntun, kó sọ ọdún eéṣú fún un. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà níbi sàréè Ìyá Lamatou, kí ẹ sọ fún un pé orí rẹ̀ kò dàrú. Mẹ́rìnlélógún ni. Òkúta rẹ̀ pé.